Kí Ló Ń Ṣe Inú Mi Gan-an?

Láti Thamesmead dé Peckham, kò sí ibi tí ènìyàn ti lè yàgbẹ́ tí mi ò mọ̀. Bọ́ọ̀sì 177 ni mò ń wà. Ó ń gba Abbey Wood, Plumstead, Woolwich, Charlton, Greenwich, Deptford àti New Cross kó tó dé Peckham, ojú ọ̀nà yẹn náà ló sì ń gbà padà. Àwọn tó kọ́ mi ní bọ́ọ̀sì wíwà fi ibi ìdúró, iná ojú pópó àti kọ́nà tó le hàn mí. Inú mi ló kọ́ mi ní ìyókù: ilé oúnjẹ tí wọn kì í bi ọ́ pé kí lo rà, ṣọ́ọ̀bù tí ilé ìyàgbẹ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn pátápátá, àti èyí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ máa ń wà lọ́wọ́ máníjà.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kọkànlá, bọ́ọ̀sì kún fọ́fọ́. Àwọn ọmọ iléèwé wà lókè, àwọn abiyamọ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ọmọ wà nísàlẹ̀. Ó ku díẹ̀ kí n dé Woolwich ni inú mi kùn, ó lọ́, òógùn tútù sì bò mí. Mo dúró síbi ìdúró, mo fa bíréèkì ọwọ́, mo bẹ àwọn èrò pé mò ń bọ̀, mo sì ki eré mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, àwọn kan ti sọ̀ kalẹ̀, àwọn kan ń pòṣé. Màmá àgbàlagbà kan tó wé gèlè sún mọ́ gíláàsì mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀: “Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Jẹ̀díjẹ̀dí nìyẹn. Wá àgbo mu.”

Mi ò sọ fún un pé Yorùbá ni mí. Bóyá ojú mi ló sọ fún un, bóyá “yéè, mo gbé!” tí mo ké nígbà tí mò ń sá lọ ni.

Gbogbo ènìyàn ni dókítà

Tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ àbàtà lẹ́bàá odò Thames ni Thamesmead tí mò ń gbé. Ọdún 1968 ni ìdílé àkọ́kọ́ kó wọ ibẹ̀. Lónìí, ẹ ò lè rìn jìnnà níbẹ̀ kẹ́ ẹ má gbọ́ Yorùbá. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí inú bá ń run yín níbẹ̀, ìmọ̀ràn tí ẹ ó gbọ́ á pọ̀ ju èyí tí ẹ lè lò lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti Ìbàdàn, ó ní ọ́sà ni. “Àìjẹun lásìkò ni. Ṣé o ti gbàgbé bó ṣe ṣe bàbá wa ni?” Alàgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn, ó ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ó wá bi mí bóyá mo máa ń jẹun lójú àlá. Mo ní rárá. Lóòótọ́, mo jẹ mọ́ínmọ́ín lójú àlá lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ ìyẹn ti pẹ́. Awakọ̀ ẹgbẹ́ mi kan ní búrẹ́dì òyìnbó ni, kí n pa á tì. Ìyàwó mi nìkan ló ń sọ ohun kan náà láràárọ̀: “Ẹ lọ rí dókítà.”

Èmi gba tọ̀tún tòsì. Mo ra àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ní Plumstead, nínú ìgò ike tí wọn ò kọ nǹkan kan sí lára, mo sì mu ún fún oṣù méjì. Mo ra omeprazole ní kẹ́míìsì nítorí ọ́sà tí ẹ̀gbọ́n mi dárúkọ. Mo pa búrẹ́dì tì. Ìjókòó wákàtí mẹ́jọ sì ti ba ẹ̀yìn mi jẹ́, nítorí náà ibuprofen kì í wọ́n nínú àpò mi. Inú ò yé kùn, ìgbẹ́ gbuuru ò yé dà, afẹ́fẹ́ máa ń kún ikùn mi débi pé mo ní láti tú bẹ́líìtì tí mo bá jókòó. Mo rò pé mò ń wá olè tó wọlé mi. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi ń pa ipasẹ̀ rẹ̀ rẹ́.

Ọ̀rọ̀ inú ṣòroó sọ

Nínú èdè wa, inú la fi ń yọ̀, inú la fi ń bínú, inú náà ló máa ń bàjẹ́. Bí Yorùbá bá ní inú òun ń da òun láàmú, ó lè jẹ́ ìfun ló ń sọ, ó lè jẹ́ ọ̀ràn ọkàn. Ohun tí mo sọ fún dókítà GP mi lórí fóònù nìyẹn, mo kàn sọ ọ́ lédè òyìnbó: inú mi ń dà mí láàmú. Nígbà tó béèrè bóyá mò ń yàgbẹ́ dáadáa, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ó ń jáde. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá la ní. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ IBS, èyí tí èmi ń pè ní ìfun oníbìínú, ó sì kọ oògùn tó ń dẹ ìfun fún mi. Bí ẹ̀ẹ̀kejì ṣe lọ náà nìyẹn.

Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ìyàwó mi ní òun ń tẹ̀ lé mi. Dókítà mìíràn la bá, obìnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀. Ó gbé ìwé kan síwájú mi tí àwòrán méje wà lórí rẹ̀: irú ìgbẹ́ méje, láti èyí tó le bí ẹ̀pà títí dé èyí tó jẹ́ omi lásán. Ní Bristol ni Stephen Lewis àti Ken Heaton ti gbé ìwọ̀n yìí jáde ní ọdún 1997, wọ́n sì ń lò ó káàkiri ayé. “Èwo ni tiyín?” Ojú tì mí, mo wo ilẹ̀, mo fi ìka tọ́ ìkẹfà. Ìka yẹn sọ ohun tí ẹnu mi kò lè sọ láti oṣù mẹ́jọ.

Ó wá ń béèrè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣé ẹ̀jẹ̀ máa ń wà níbẹ̀? Ṣé ẹ ń rù láìgbààwẹ̀? Ṣé ó máa ń jí yín lóru? Ṣé ọmọ ìyá tàbí òbí yín kan ti ní jẹjẹrẹ ìfun rí? Mo ní rárá sí gbogbo rẹ̀. Ó ní: “Kí lẹ ń lò?” Mo ní mi ò lo nǹkan kan. Ìyàwó mi kò gbójú sókè, ó kàn fi Yorùbá sọ pé: “Ẹ sọ ti inú ìgò.”

Mo sọ ti inú ìgò. Mo sọ ti omeprazole, ti ibuprofen àti ti búrẹ́dì. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bá mi wí. Ó kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀. Ó ní ibuprofen lè dá ọgbẹ́ sí ikùn. Àgbo tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lè jẹ́ òun gan-an ló ń da inú mi. Méjì tó kù ń fi nǹkan pamọ́ fún àyẹ̀wò. Mi ò bú àgbo o. Àgbo ni ìyá mi fi tọ́ mi dàgbà. Ṣùgbọ́n àgbo tí a fi pamọ́ fún dókítà, ọ̀nà àyẹ̀wò ló ń dí.

Àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan ló ní èèwọ̀ tirẹ̀

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi láti wò ó bóyá ó tó lára mi àti bóyá nǹkan ń wú nínú ara. Wọ́n tún fẹ́ wá àìsàn coeliac nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn. Ara ẹni tó ní coeliac máa ń bá gluten jà, ìyẹn èròjà kan tó wà nínú àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì, ìjà náà á sì máa jẹ ògiri ìfun kékeré. Èèwọ̀ àyẹ̀wò yìí ni kí ènìyàn má ti pa búrẹ́dì tì. Ìlànà Bìrìtìkó ni pé kó máa jẹ gluten ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóòjọ́ fún ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èsì lè sọ pé kò sí nígbà tó wà. Èmi tí mo ti ń sá fún búrẹ́dì láti ìjọ́sí, wọ́n ní kí n lọ jẹ ẹ́ padà.

Ó kan ọ́sà tí gbogbo wa ń pè. Títí di nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, àwọn dókítà pàápàá gbà pé ìrònú àti ata ló ń fà á. Ní Perth, ní Ọsirélíà, Robin Warren àti Barry Marshall rí kòkòrò àìfojúrí kan nínú ikùn àwọn tó ní ọgbẹ́ inú, àwọn ènìyàn ò sì gbà wọ́n gbọ́. Ní ọdún 1984, Marshall bu omi tí kòkòrò náà wà nínú rẹ̀, ó mu ún, inú rẹ̀ sì dàrú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní 2005, wọ́n fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀bùn Nobel. Helicobacter pylori ni orúkọ kòkòrò náà, ó sì wọ́pọ̀ gan-an nílé wa ní Nàìjíríà. Ìgbẹ́ tàbí èémí ni wọ́n fi ń wá a, oògùn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì sì sábà máa ń pa á. Èèwọ̀ tirẹ̀: kò gbọdọ̀ sí omeprazole lára rẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kò sì gbọdọ̀ sí oògùn apakòkòrò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ká ní mo ṣe é lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ ni, asán ni ì bá jẹ́.

FIT ló tún kù, èyí tó ń wá ẹ̀jẹ̀ tí ojú ò lè rí nínú ìgbẹ́. Ìgò rẹ̀ kò gùn ju ìka mi lọ. Igi tín-ín-rín kan wà lára ìdérí rẹ̀, ó rí págunpàgun lórí. Mo gbé abọ́ ike tó mọ́ sínú àwo ilé ìyàgbẹ́ kí ìgbẹ́ má baà kan omi, mo fi orí igi náà ha á títí tó fi kún ojú págunpàgun wọ̀nyẹn, mo tì í bọ inú ìgò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo kọ déètì sí i. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ẹni tó ti pààrọ̀ ìlédìí ọmọ rí ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ bá tó máíkúrógíráàmù 10 nínú gíráàmù ìgbẹ́ kan, wọ́n á rán ẹni tí inú ń yọ lẹ́nu lọ sílé ìwòsàn ní kíákíá. Wọ́n tún wá calprotectin nínú ìgbẹ́ mi, èyí tó máa ń ga bí ìfun bá wú bíi ti àìsàn Crohn.

Èsì dé. Ẹ̀jẹ̀ tó. Coeliac kò sí. Kòkòrò Marshall kò sí. FIT kò rí ẹ̀jẹ̀. Calprotectin kò ga. Ó yẹ kí n jó. Dípò bẹ́ẹ̀, mo jókòó sínú bọ́ọ̀sì òfìfo ní Thamesmead, ọkàn mi bàjẹ́. Bí wọn ò bá rí nǹkan kan, ta ló wá ń lọ́ ìfun mi? Alàgbà wa ti ní ìdáhùn sí ìyẹn tipẹ́.

Ohun tí mi ò tètè mọ̀ ni pé àwọn àyẹ̀wò yẹn ti ṣiṣẹ́ ńlá fún mi. Wọ́n ti lé àwọn ohun tó lè pa mí kúrò lójú ọ̀nà. Àrùn là á wò, a kì í wo ikú. Ó wá ku àrùn ká wò.

Ìwé kékeré inú àpò aṣọ iṣẹ́

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ó kàn mí láti rí onímọ̀ oúnjẹ. Kò fún mi ní oògùn. Ó ní kí n ra ìwé kékeré, kí n máa kọ ohun tó bá wọlé, ohun tó bá jáde àti aago wọn, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Mo kọ ọ́ ní Yorùbá. “Aago márùn-ún ààbọ̀: sìríà àti mílíìkì. Aago méje: tíì. Aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú, Charlton: inú kíkùn, ìkẹfà.”

Nígbà tí mo ka á fún un, kò bi mí léèrè ata, èyí tí mo ti múra sílẹ̀ láti gbèjà. Ó ní ká jọ ka mílíìkì. Sìríà ìdájí, tíì funfun ife mẹ́rin, kọfí ẹlẹ́fòòfó ńlá méjì ní gáráàjì: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé lítà kan lóòjọ́. Ó wá béèrè bóyá ìgbà kankan wà láàárín gbogbo àkókò náà tí inú mi balẹ̀. Mo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi lọ sin ìyá mi n'Íbàdàn. Mo ti máa ń sọ pé afẹ́fẹ́ ilé ló wò mí sàn. Àmàlà, ẹ̀kọ, ìrẹsì, ẹran òkú àgbà àti omi ni mo jẹ tí mo mu níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò fún mi ní tíì. Tó bá jẹ́ ayé ló ń ṣe mí, Ìbàdàn tí wọ́n pọ̀ sí jù ló yẹ kó ti le!

Ọmọ Yorùbá kan wà nínú àwọn tó ti kọ ìdáhùn yìí sílẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti ni, dókítà àwọn ọmọdé, tó di mínísítà ìlera lábẹ́ Babangida, ẹni tó kọ́ àwọn ìyá wa láti po omi, iyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Òun pẹ̀lú Norman Kretchmer ará Amẹ́ríkà àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wádìí bí àwọn ẹ̀yà Nàìjíríà ṣe ń da ṣúgà inú mílíìkì, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet ní ọdún 1971. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo Yorùbá tó ti kúrò lọ́mọdé ni kò lè dà á. Púpọ̀ nínú àwọn Fúlàní darandaran lè dà á.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ìfun kékeré ọmọ ọwọ́ máa ń pèsè lactase, ohun tó ń gé ṣúgà mílíìkì sí wẹ́wẹ́ kí ara lè gbà á. Bí púpọ̀ nínú wa bá ti já lẹ́nu ọmú, ìpèsè náà á bẹ̀rẹ̀ sí dín kù. Ṣúgà tí a kò gé á wá lọ dé ìfun ńlá, á fa omi mọ́ra, àwọn kòkòrò ibẹ̀ á sì máa pọn ọ́n bí ìgbà tí wọ́n ń pọn ọtí. Omi yẹn ni ìgbẹ́ gbuuru, pípọn yẹn ni afẹ́fẹ́. Kì í ṣe àìsàn. Bí a ṣe dá wa ni. Nínú mílílítà 100 mílíìkì màlúù, ṣúgà yìí tó gíráàmù 5. Ọ̀pọ̀ ẹni tí kò lè dà á ṣì lè fara da gíráàmù 12 lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi ń da nǹkan bí 45 sínú lóòjọ́, mo wá ń bi àgbo léèrè ọ̀ràn.

Mo fi mílíìkì sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lọ́jọ́ kẹfà, mo wa bọ́ọ̀sì láti Thamesmead dé Peckham lọ àti bọ̀, ìgbà tí mo dé ilé ni mo tó rántí pé mi ò rántí inú mi. Ó ní kí n mu ife mílíìkì kan láti fi dán an wò. Kí wákàtí méjì tó pé, ẹ̀rí ti dé.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló lọ. Bí mo bá jẹ ẹ̀wà púpọ̀, tàbí ata dídín tí àlùbọ́sà pọ̀ nínú rẹ̀, inú mi á ṣì wú. Dókítà àkọ́kọ́ náà kò jìnnà sí òótọ́: ìfun mi bínú díẹ̀ nípilẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Monash ní Melbourne ló ṣètò oúnjẹ kan fún irú èyí, tí wọ́n ń pè ní low FODMAP. Àlùbọ́sà, ẹ̀wà àti àlìkámà wà nínú ohun tí ènìyàn á kọ́kọ́ dín kù, á sì tún dá wọn padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe é láìsí onímọ̀ oúnjẹ, ẹ má sì fi gbogbo ayé yín ṣe é. Ìrẹsì àti iṣu kò sí nínú ẹ̀sùn náà. Nísinsìnyí, mílíìkì tí wọ́n ti gé ṣúgà rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ ni mo ń fi sí tíì. Ẹja sàdíìnì pẹ̀lú egungun rẹ̀ àti ẹ̀fọ́ ń gbé kálísíọ́mù wá.

Kì í ṣe mílíìkì ni ti gbogbo ènìyàn

Tèmi ni mo sọ. Ẹ má ka èyí tán kẹ́ ẹ da mílíìkì nù, kẹ́ ẹ sì gbàgbé dókítà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń wà nínú ìgbẹ́, bí ẹ bá ń rù láìnídìí, bí wọ́n bá ní ẹ̀jẹ̀ yín kò tó, bí kókó bá wà níkùn, tàbí bí ọ̀nà tí ẹ ń gbà yàgbẹ́ bá yí padà tí kò sì lọ, ẹ lọ lọ́sẹ̀ yẹn. Chadwick Boseman, òṣèré fíìmù Black Panther, kò ju ẹni ọdún 43 lọ nígbà tí jẹjẹrẹ ìfun pa á ní 2020. Obìnrin tó ti lé ní ẹni ọdún 50 tí inú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wú lemọ́lemọ́, kó béèrè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ CA125 tó ń wá jẹjẹrẹ ilé ẹyin, kó má jẹ́ kí wọ́n tètè pè é ní IBS.

Bí ẹ bá sì ti lọ tí kò yé ẹnikẹ́ni, ẹ padà lọ. Jessica Brady, ọmọ ọdún 27, kàn sí GP rẹ̀ ju ogún ìgbà lọ kí wọ́n tó mọ̀ pé jẹjẹrẹ ni. Ó kú ní oṣù Kejìlá 2020. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé ìlànà tí wọ́n pè ní Jess's Rule kalẹ̀ ní England ní oṣù Kẹsàn-án 2025: bí aláìsàn bá wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta pẹ̀lú ìṣòro kan náà tí wọn ò sì rí ìdí rẹ̀, kí dókítà tún gbogbo rẹ̀ rò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ lè dárúkọ rẹ̀ fún wọn. Bí òyìnbó kò bá yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu, ẹ béèrè ògbufọ̀ Yorùbá, ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ wà láàárín ọdún 50 sí 74, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún méjì ni NHS ń fi àpò ìwé FIT ránṣẹ́ sílé yín. Mo mọ ilé tí tiwọn ti pé ọdún kan lórí firíìjì. Ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀ lónìí, ẹ ṣe é, ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ ra ìwé kékeré kan, ẹ kọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde, àgbo náà kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn. Tí ẹ bá sì dé iwájú dókítà, ẹ fi “inú mi ń dà mí láàmú” sílẹ̀ sílé. Ẹ pe ìgbẹ́ ní ìgbẹ́.